Ọkọ̀ Tó Ń Takìtì

Gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Fráìdé yẹn ló gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo mọ́ ọ̀rẹ́ mi pé, "Ọwọ́ ẹ ló burú! O ti ba ọkọ̀ mi jẹ́!" Nígbà tó jẹ́ pé ojú gbogbo yín ni mo ti sọ ọ́, ojú gbogbo yín náà ló yẹ kí n ti sọ ohun tí mo wá rí lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn pé kí wọ́n fún mi láyè lára ògiri yìí.

Àbúrò màmá mi ló mú ọkọ̀ náà bọ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà Kérésìmesì. Kì í ṣe irú ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti ki bátìrì bọ̀ ọ́, orin ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọkọ̀ eré ìje gidi ni. Ó dà bíi píkọ́ọ̀pù, bí ẹ bá sì pín ọkọ̀ ńlá sọ́nà mẹ́wàá, ìdá kan ibẹ̀ ni gígùn tirẹ̀. Ó ní ṣọ́kì mẹ́rin tí òróró wà nínú wọn, ó ní sípíríǹgì, ó ní gíà, rìmóòtù la sì fi ń darí ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Tamiya ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ onírìmóòtù ní 1976. Ní 1979, wọ́n gbé Rough Rider àti Sand Scorcher jáde, àwọn tó lè sáré lórí iyanrìn àti ilẹ̀ gbágungbàgun. Àwa níbí, agolo mílíìkì àti sílípáàsì tó ti já la fi ń ṣe tiwa, okùn la fi ń fà á. Ẹ wá wo bí orí mi ṣe wú nígbà tí mo gbé èyí wọ kíláàsì!

Ẹgbẹ́ JETS ní kí a fi ọkọ̀ náà hàn lọ́jọ́ tí àwọn òbí máa wá. Ó gbọ́dọ̀ yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láì ṣubú. A fi ọkọ́ kó yẹ̀pẹ̀ jọ, a ṣe òkìtì méjì tí ọkọ̀ máa fò kọjá. Ọ̀rẹ́ mi ló di rìmóòtù mú, torí ọwọ́ ẹ̀ yá ju tèmi lọ. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mò ń pàṣẹ. Lórí òkìtì kejì, ọkọ̀ fò, ó fi imú sọlẹ̀, ó takìtì lẹ́ẹ̀mẹta. Apá tó di táyà iwájú lọ́tùn-ún mú kán. Ìgbà yẹn ni mo sọ ohun tí mo sọ. Ọ̀rẹ́ mi ò fèsì. Ó gbé rìmóòtù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ti kó ìwé ẹ̀ lọ sí ìjókòó mìíràn.

Bọ̀dá mi ti fi àwọn apá mìíràn sínú páálí, nítorí náà mo tún ọkọ̀ ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á fúnra mi. Kí ni mo rí? Òkìtì kan náà ló tún ń ta! Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ní Sátidé, mo yí gbogbo nǹkan padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé ọkọ̀ ga, mo pààrọ̀ táyà, mo mú sípíríǹgì le, mo dẹ orí táyà sínú, mo tún gíà dè. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo lọ bá olùkọ́ wa ní Físíìsì.

"Nǹkan mélòó lo yí padà?"

"Márùn-ún, sà."

"Nínú márààrún, èwo ló wá bà á jẹ́?"

Ẹnu mi wọhò. Wọ́n ní, "Ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà, mo ra ìwé kan, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà rèé.

Bátìrì: mo ń gba iná sí i kó kún kí n tó dán ohunkóhun wò. Bátìrì tó ti rẹ̀ kò lè sá bíi tàná, ẹ máa rò pé ohun tẹ́ ẹ yí padà ló fà á. Irú bátìrì yìí kì í fẹ́ kéèyàn fi í sílẹ̀ tó bá ń gba iná, ó lè gbiná. Ẹ jókòó tì í.

Gíà: ẹ ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ìwé yín, ẹ fi sáàárín gíà méjèèjì, ẹ tì wọ́n pọ̀, ẹ de síkírù, kẹ́ ẹ tó yọ bébà náà. Àyè tó kù yẹn ló tó. Tí wọ́n bá fún mọ́ra jù, wọ́n á gbóná. Tí wọ́n bá jìnnà síra, eyín wọn á jẹ.

Táyà: orí ilẹ̀ amọ̀ tí wọ́n ń bu omi wọ́n, tó le tó sì tẹ́jú, ni Bọ̀dá mi ti ń fi ọkọ̀ náà díje. Táyà eléyín kúkurú ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ilẹ̀ tiwa ní Ìyìn, yangí ni, eruku ọyẹ́ sì wà lórí ẹ̀. Táyà eléyín gígùn ló di ilẹ̀ yìí mú.

Gíga: mo fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé abẹ́ ọkọ̀. Ní mílímítà 20, òkúta ń gbá a nídìí. Ní 30, ó ń ṣubú tó bá fẹ́ yà. Mo fi í sí 25.

Síbẹ̀, ó ṣì ń takìtì. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti Adó bọ̀, mo rí mọkálíìkì kan lẹ́bàá títì tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí táksí kan mọ́lẹ̀, tó sì jù ú sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ń jó sókè sódò. Ó ní, "Ṣọ́kì ti kú." Mo sáré délé, mo gbé ọkọ̀ mi sórí tábìlì, mo tẹ ìdí ẹ̀. Apá ọ̀tún rọra gbéra. Apá òsì ta padà bíi róbà. Òróró inú ṣọ́kì yẹn ti jò tán! Ìgò kékeré kan wà nínú páálí tí wọ́n kọ 30 sí lára, mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni ohun tó wà fún. Bọ̀dá mi sọ fún mi lórí WhatsApp pé òróró ṣọ́kì ni, pé bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa ki tó, pé mi ò gbọdọ̀ da ẹ́ńjìn-ọ́ìlì sí i torí ó lè ba róbà inú ẹ̀ jẹ́. Mo bu òróró náà sí i. Ọkọ̀ náà balẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣì ń fi imú sọlẹ̀. Mo wo inú ìwé mi. Gbogbo ìgbà tó ṣẹlẹ̀, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo tẹ bíréèkì." Olùkọ́ wa ṣàlàyé ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lófuurufú, táyà ṣì ń yí. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró lójijì, yíyí yẹn á bọ́ sára ọkọ̀, imú ẹ̀ á sì dorí kodò. Tẹ́ ẹ bá fún un níná, imú á gbéra.

Ara mi bù máṣọ. Ta ló ń pariwo "Bíréèkì! Bíréèkì!" lọ́jọ́ Fráìdé yẹn? Èmi ni.

Mo lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ń bá màmá ẹ̀ bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí màmá, mo jókòó, mo bá wọn bó ẹ̀gẹ́ díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀, ti ṣọ́kì àti ti bíréèkì. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Mi ò fẹ́ tẹ bíréèkì náà. Ìwọ lo lọkọ̀, ni mo ṣe gbọ́ tìẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Ẹ rí wa lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá. Òun ló wà á. Ọkọ̀ yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹfà láì ṣubú. Nígbà keje, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbi tó ti fẹ́ yà. Gbogbo èrò hó "Háà!" Èmi fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Mo sáré lọ gbé e dìde, mo padà síbi tí mo wà, ọ̀rẹ́ mi sì wà á parí.

Ìwé náà wà ní ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ JETS fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀.