Ìrìnàjò Mi sí Òkun Gúúsù, Níbi Tí Ewéko Omi Ti Ń Bá Ayé Gbé Ẹrù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ mi lára nígbà tí mo bá àwọn onímọ̀ òkun wọ ọkọ̀ ní Punta Arenas, ìlú èbúté tí ó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Chile, tí a sì kọrí sí Òkun Gúúsù, alagbalúgbú omi tútù tí ó yí ilẹ̀ Antákítíkà ká. Ewéko ni mo ń lọ wò níbẹ̀, ewéko tí kò ní gbòǹgbò, tí kò ní ẹ̀ka, tí ojú lásán kò sì lè rí ẹyọ kan nínú wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní phytoplankton.

Kí a tó débẹ̀, a ní láti la Ọ̀nà-omi Drake kọjá, tí ó fẹ̀ tó 800 kìlómítà láti ṣóńṣó Gúúsù Amẹ́ríkà dé àwọn erékùṣù tí ó ṣíwájú Antákítíkà. Atẹ́gùn ibẹ̀ a máa fẹ́ yí ayé po láìsí òkè tàbí igbó tí yóò dá a lẹ́kun, ìgbì a sì máa ru gùdù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó fẹ́ bu omi mu nínú ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ wá ibi dì mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pè mí kí n wá wo ẹ̀rọ tí ń wọn otútù omi: ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí omi wà tẹ́lẹ̀ ti wálẹ̀ sí 2, kùrukùru sì ti bo iwájú wa. A ti wọ ẹnubodè Òkun Gúúsù, níbi tí omi tútù tí ń ti Antákítíkà bọ̀ ti ń rì sábẹ́ omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù ú lọ.

Nígbà tí a dé etí yìnyín, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Wọ́n to àwọn ìgò gbọọrọ yí férémù irin kan ká, wọ́n fi okùn irin sọ ọ́ sínú ibú. Bí wọ́n sì ti ń fà á bọ̀, ìgò kọ̀ọ̀kan ń pa ẹnu dé níbi jíjìn tirẹ̀, kí omi ibẹ̀ má baà lú mọ́ òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ṣáájú wa, obìnrin kan tí ewú ti bo orí rẹ̀, fi bébà funfun sẹ́ omi náà. Èyí tí ó ti fi sẹ́ omi àárín Drake fẹ́rẹ̀ má yí àwọ̀ padà. Èyí tí ó fi sẹ́ omi etí yìnyín di àwọ̀ ewé tí ń gbẹ.

“Ẹ fojú síbí, àlejò wa,” ni ó wí, ó sì fi mí síwájú awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Mo rí àwọn diatom, ẹ̀yà kan nínú phytoplankton, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú èèpo tí ń dán, tí a fi irú èròjà tí í wà nínú dígí ṣe. Àwọn kan so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Joseph Hooker, onímọ̀ ewéko tí ó bá ọkọ̀ ọ̀gá atukọ̀ James Clark Ross rìn láàrin 1839 sí 1843, ti rí wọn nínú omi àti yìnyín òkun yìí, ó sì mọ̀ pé àwọn ni ẹran omi ibẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ: ohun tí ojú kò rí yìí ni krill, ìbátan edé, ń jẹ, krill náà sì ni àbùùbùtán fi ń yó.

Nígbà tí oòrùn bá padà dé lẹ́yìn òkùnkùn gígùn, tí yìnyín sì ń yọ́, omi aláìníyọ̀ rẹ̀ a máa léfòó sórí omi oníyọ̀, a sì dá àwọn ewéko náà dúró nítòsí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n a máa bí sí i, wọ́n a sì máa fa kábọ́ńdáyọ́ksáídì, afẹ́fẹ́ tí í jáde bí a bá dáná igi tàbí epo, láti fi ṣe ara wọn. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ewéko ayé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe báyìí, nǹkan bí ìdajì jẹ́ ti àwọn ewéko wíwẹ́ inú òkun. Ìgbẹ́ krill àti òkú diatom a máa rì, èyí tí ó bá dé ìsàlẹ̀ ibú a sì gbé kábọ́nì lọ síbi tí ó lè wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Omi tútù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú a máa gba afẹ́fẹ́ yìí mọ́ra ju omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Nínú kábọ́ńdáyọ́ksáídì tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde, òkun ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nínú ìpín òkun yìí, Òkun Gúúsù nìkan ń gba nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Síbẹ̀, ebi ń pa àwọn ewéko yìí. Ní 1990, John Martin, onímọ̀ òkun ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé irin ni wọn kò rí jẹ tó. Nílé wa, ọyẹ́ a máa gbé eruku Sàhárà gba orí òrùlé wa kọjá sórí òkun Àtìláńtíìkì, irin inú rẹ̀ a sì bọ́ ewéko ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ eléruku jìnnà sí Òkun Gúúsù. Ní 1999, láti dán ọ̀rọ̀ Martin wò, àwọn onímọ̀ da irin sínú omi tí ó wà ní gúúsù Ọsirélíà, ewéko sì hù tó bẹ́ẹ̀ tí sátẹ́láìtì fi rí i láti ojú sánmà. Ní 2004, nínú ìdánwò mìíràn, ọ̀pọ̀ diatom tí ó hù rì sínú ibú. Ṣùgbọ́n ní 2009, nígbà tí àwọn ará Íńdíà àti Jámánì dán an wò níbi tí èròjà èèpo diatom kò ti tó, àwọn ẹran wíwẹ́ jẹ ohun tí ó hù, díẹ̀ ni ó sì rì. “Ohun tí ó hù yàtọ̀ sí ohun tí ó rì,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí fún mi.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ó fi irin ra ara wa padà. Òkun, ọba omi gbogbo, agbami tí odò gbogbo ń wọ́ tọ̀ lọ, ń bá wa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, omi rẹ̀ sì ń kan sí i nítorí ohun tí ó ń gbà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ tí a jẹ ẹ́ ni pé kí a dín èéfín wa kù, kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń pa krill lọ́hùn-ún fi ìwọ̀n sí ọwọ́ wọn, kí a sì máa ná owó sórí àwọn tí ń wọn omi yìí lọ́dọọdún, nítorí ẹni tí kò bá mọ agbára arẹrù ni í di ẹrù pa á.