Ikú Inú Kèrègbè

Bí ẹmu àárọ̀ ṣe máa ń dùn tó ní Ìlá-Ọ̀ràngún, bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Bàbá mi àgbà, tí wọ́n ń gun ọ̀pẹ dá ẹmu, kì í bá a jiyàn. Èmi tí wọn ò tíì gbà kí n tọ́ ọ wò ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn.

Ìwúkàrà, ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ló ń sọ ṣúgà inú ẹmu di ọtí. Bakitéríà a sọ ọtí di ásíìdì, ásíìdì a sì máa pa ìwúkàrà. Ní 2001, Paula Ludovico àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Portugal fi hàn pé bí ásíìdì náà bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì a kàn bàjẹ́; bó bá mọ níwọ̀n, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń tú ara rẹ̀ palẹ̀ létòlétò, bí ẹni ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Sẹ́ẹ̀lì awọ ara mi lè kú kí èmi má kú. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ò ní ara mìíràn. Ta ló ń kú fún?

Ní 2004, àwọn onímọ̀ ṣe ìdánwò pẹ̀lú ìwúkàrà tí wọ́n ti yọ jíìnì YCA1, tó ń darí ikú yìí, kúrò lára rẹ̀. Ó kọ́kọ́ pẹ́ láyé ju èyí tó ní jíìnì náà lọ. Nígbà tó yá, kò lè pọ̀ sí i mọ́. Nígbà tí wọ́n kó méjèèjì pọ̀, èyí tó mọ̀ ọ́n kú ló borí. Wọ́n gbà pé ohun tí òkú tú sílẹ̀ ń ran àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kèrègbè, òun ló ń mú ẹmu tuntun tètè hó. Mo ti bu díẹ̀ sínú ìgò. Lọ́jọ́ Ajé, ó di abẹ́ maikirosíkóòpù ilé-ìwé wa.