Àbọ̀ Orin àti Odindi Orin

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, a kò sì jẹ́ bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa tí ó mú kí a máa bi ara wa léèrè bóyá gbogbo àbọ̀ ni ó ń di odindi nínú ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ orin ni yóò gbé wa dé ibẹ̀. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n kí ẹ fi sùúrù bá wa lọ, kí ẹ má sì ṣe wí pé kí ni ó kan akọ̀wé tí irun rẹ̀ ti ń funfun nínú orin àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1981 ni ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé. Àpótí pákó kan ni ó fi sílẹ̀ sí ìkáwọ́ wa, tí ó kún fún àwọn àwo orin kékeré. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní orin sóòlù, èyíinì ni orin ọkàn. Lójoojúmọ́ tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, a óò gbé ọ̀kan lé orí gíramafóònù baba wa, títí a fi mọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò ti fò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gbà nígbà náà pé a ti mọ àwọn orin wọ̀nyí tán.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá àwo lóde. Ní ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá jáde. Ínǹṣì 12 ni ìbú rẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì lè gba orin tí ó lé ní 20 ìṣẹ́jú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1949, ilé-iṣẹ́ RCA Victor gbé àwo kékeré tirẹ̀ jáde, ínǹṣì 7 péré, tí ń yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ojú àwo kékeré ń gbà dáradára. Bí a bá fẹ́ ki ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ bọ̀ ọ́, ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ yóò fún mọ́ ara wọn, ohùn yóò sì rẹlẹ̀. Àwọn ilé rédíò pẹ̀lú kò fẹ́ràn orin gígùn, nítorí wọ́n ní ìpolówó ọjà láti ṣe, orin ẹlòmíràn sì ń dúró lẹ́yìn. Bákan náà ni àwọn àpótí olórin inú ilé oúnjẹ, tí ènìyàn ń sọ owó wẹ́wẹ́ sí kí wọ́n tó kọrin, àwo kékeré ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, orin tí yóò bá di mímọ̀ ní ìgboro gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kékeré yìí wọlé. Bí ó bá ga jù, wọn a gé e.

A kò wí pé gbogbo gígé ni ó burú. Ní oṣù kejì ọdún 1965, James Brown lọ sí ìlú Charlotte ní North Carolina, ó sì kọ orin tí ó pè ní Papa's Got a Brand New Bag fún bí ìṣẹ́jú méje. Àwọn tí ó tún un ṣe gé e, wọ́n pín in sí ojú méjèèjì àwo kékeré, wọ́n sì mú kí ó yára ju bí ó ti kọ ọ́ lọ. Orin náà jó bí iná ọyẹ́, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Ọdún 1991 ni wọ́n tó gbé odindi rẹ̀ jáde bí ó ti rí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ méjèèjì yóò jẹ́rìí pé ọ̀bẹ náà kò ṣe olórin náà ní ibi.

Nígbà mìíràn pàápàá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígé rárá. Ní ọdún 1965 yìí kan náà, Otis Redding gbé I've Been Loving You Too Long jáde lórí àwo kékeré. Nígbà tí ó di oṣù keje, wọ́n ń ṣe àwo ńlá rẹ̀, Otis Blue, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Stax ní Memphis. Wọ́n fẹ́ kí orin náà wà ní irú ìgbohùnsílẹ̀ titun tí ń pín ohùn sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Nítorí náà ó tún un kọ látòkè délẹ̀. Orin kan náà ni, ẹnu kan náà ni, ṣùgbọ́n ìmí ẹ̀dùn rẹ̀ yàtọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1967 ni ọkọ̀ òfúrufú já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹni ọdún 26. Ta ni yóò wí pé ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó?

Isaac Hayes ní tirẹ̀ ṣe àwo ńlá kan ní ọdún 1969, Hot Buttered Soul, tí orin inú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ọ̀kan nínú wọn lé ní ìṣẹ́jú 18, nítorí pé ó kọ́kọ́ jókòó sọ ìtàn bí àgbà tí ń pààlọ́ kí ó tó kọrin. Àwo kékeré rẹ̀ kò tó ìdajì èyí. Ní ọdún 1972, àwọn Temptations kọ Papa Was a Rollin' Stone, orin àwọn ọmọ tí ń bi ìyá wọn léèrè irú ènìyàn tí baba wọn tí ó kú jẹ́. Lórí àwo ńlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 12, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ìlù àti gìtá nìkan ni yóò máa rìn bí ẹni tí ń rìn lóru. Àwo kékeré bu púpọ̀ nínú ìdúró náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pé ìdúró yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà.

Marvin Gaye gbé What's Going On jáde lórí àwo kékeré ní oṣù kìíní ọdún 1971. Níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parẹ́. Ní oṣù karùn-ún ni àwo ńlá rẹ̀ dé. Níbẹ̀, orin náà kò parí. Ṣe ni ó wọ inú èyí tí ó tẹ̀ lé e, níbi tí ẹnì kan tí ó ti ogun Vietnam bọ̀ ti ń béèrè ìròyìn ilé. Àbúrò rẹ̀, Frankie, ti jagun ní Vietnam, ohun tí ó sì gbọ́ lẹ́nu àbúrò yìí ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n orin tí ọ̀rọ̀ wa dúró lé ni ti Stevie Wonder, Living for the City. Lórí àwo kékeré tí ó wà nínú àpótí wa, ìtàn ìdílé tálákà kan ní Mississippi ni. Baba ń ṣe làálàá, ìyá ń nu ilé fún ẹlòmíràn, ọmọkùnrin wọn gbọ́n, ṣùgbọ́n kò rí iṣẹ́ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwo wa parí sí. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni a fi gbà pé ọmọ náà wà nílé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ tí ó ń wá iṣẹ́.

Ní ọdún 1990 ni ẹ̀gbọ́n wa wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì mú àwo ńlá náà, Innervisions ti ọdún 1973, bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan a gbé e sí orí gíramafóònù. Nígbà tí orin náà dé ibi tí a mọ̀ sí òpin, kò dúró. A gbọ́ bí ọkọ̀ ti gbé ọmọkùnrin náà dé New York, bí ẹnu ti yà á sí àwọn ilé gíga, bí ẹnì kan ti gbé ẹrù lé e lọ́wọ́, bí ọlọ́pàá ti mú un. Adájọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀gàn tì í wọ inú yàrá. Lẹ́yìn náà ni ohùn olórin tún padà, ṣùgbọ́n ó ti ha, bí ohùn ẹni tí ó sunkún mọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n wa wí pé, "Èyí tí mo fi sílẹ̀ fún ọ kò ní ibí yìí. Wọ́n gé e." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì béèrè pé, "Àwọn létà mi ńkọ́? Ṣé o kà wọ́n fún Ìyá?"

A kò lè dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìyá wa kò mọ̀wé. Àwa ni a ń ka létà fún un. Ní ọdún 1982 ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ẹ̀ẹ̀kan ni òun ń jẹun lóòjọ́. Ní ọdún 1983 ó kọ ọ́ láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá òun wó. A ronú pé kí ni kí a fi irú èyí da ọkàn àgbà obìnrin rú sí? Nítorí náà a ka ìkíni, a ka ti òtútù, a ka ti ẹ̀kọ́ tí ń lọ déédéé, a sì pa ìwé náà dé. Kò sí irọ́ kan nínú ohun tí a kà. Ṣùgbọ́n ìyá wa ń wo àwọn ọmọ aládùúgbò tí ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ó sì parí rẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé ọmọ òun ti gbàgbé òun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa fi owó kékeré kan ránṣẹ́ ní ọdún 1988, ó ní kí a dá a padà, kí ó máa fi ra àkàrà jẹ. Ní ọjọ́ tí ó wálé, kò dáná fún un. Àlejò ni ó ṣe nínú ilé ìyá rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ń wí yìí, a kó gbogbo létà náà jáde, a jókòó lẹ́bàá àtùpà, a sì kà wọ́n fún ìyá wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfo ìlà kan. Ẹ̀gbọ́n wa wà lóde, ó jókòó sórí òkúta. Ìyá wa kò já wa lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a parí, ó wí pé, "Ọmọ mi, ta ni ó ní kí o máa bu ẹran inú ọbẹ̀ kúrò kí o tó gbé e fún mi?" Lẹ́yìn náà ó pe ẹ̀gbọ́n wa wọlé, ó fi ọwọ́ lé e ní àyà, ó sì béèrè pé, "Ẹ̀dọ̀fóró náà ńkọ́?" Ọdún méje ni ìbéèrè yẹn fi pẹ́, àwa ni a sì dá a dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a gbọ́ ìró odó.

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọ̀ràn wa wé ti àwọn tí ń gé orin. Àwọn ní ìdí tiwọn, àwa náà ní tiwa, ìfẹ́ sì ni tiwa. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò lè fojú fò dá. Ẹni tí ó ta àwo kékeré ń ta àwo ńlá pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ odindi mọ ìsọ̀ tí ó lè lọ. Ìyá wa kò ní ìsọ̀ mìíràn. Ẹnu wa nìkan ni ó ní.

Ọ̀rọ̀ yìí kan púpọ̀ nínú wa lónìí, bí létà tilẹ̀ ti di ohùn orí fóònù. Ẹ̀yin tí ń gba ìròyìn àwọn ará wa ní ìdálẹ̀, tí ẹ sì ń sọ ọ́ fún àwọn àgbà nílé, bí ẹ bá rí i pé ó yẹ kí ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrú, ẹ gé e. Àkókò wà tí ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wí fún ẹni tí ń gbọ́ pé ó kù. Òtítọ́ ni òwe àwọn baba wa, kìkì pé àbọ̀ kò lè di odindi nínú ẹni tí kò mọ̀ pé àbọ̀ ni a sọ fún òun.