Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Tẹ́tẹ́ Bàbá Rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ohun tí o gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ, òótọ́ ni: bàbá yín ń ta lọ́tò, ó sì ti di bárakú fún wọn. Mo gbọ́ pé o sunkún, pé o ò ní bá bàbá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi.

O mọ bàbá yín kí gulọkóómà tó gba ojú wọn. Télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá ni wọ́n. Gulọkóómà kì í sábà dun ni. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ láàárín, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà mọ́. Ẹni tó fọ́jú lágbà, iṣẹ́ tó mọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà á tú ká, ọjọ́ á wá gùn gbọọrọ. Lọ́tò ni kò béèrè ojú lọ́wọ́ wọn. Fóònù tí ẹ rà fún wọn, tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ síta, òun náà ló ń ka nọ́ńbà fún wọn. Wọ́n á jókòó síwájú ilé, fóònù lẹ́bàá etí, ìka wọn á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójú gíláàsì, ẹnu wọn á máa sọ nọ́ńbà tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá jẹ ẹgbẹ̀rún kan, ohùn wọn á yọ bíi tìgbà tí wọ́n ń gba owó aṣọ. Wọ́n ṣì ń fẹ́ kí àwọn máa gbọ́ bùkátà ilé.

Ṣùgbọ́n ìṣirò lọ́tò kò gbè wọ́n. Nínú nọ́ńbà 90, 5 ni àwọn onílọ́tò ń mú. Ẹni tó bá ta nọ́ńbà 2, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 400 ni méjèèjì lè jáde pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po 240 owó tó fi ta ni wọ́n sábà máa ń san. Bí èèyàn bá ṣe ń ta tó ni owó rẹ̀ ń gbẹ tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ka tẹ́tẹ́ tó ti di bárakú mọ́ àìsàn. Àìsàn là á tọ́jú, a kì í bú aláìsàn.

Nítorí náà, má bá wọn jà. Má fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù wọn mọ́. Èmi àti àwọn ti fẹnu kò pé ọwọ́ mi ni kí owó máa wà. Máa pè wọ́n nírọ̀lẹ́, kí o máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣọ lọ́wọ́ wọn, torí ọgbọ́n télọ̀ wọn kò bá ojú lọ. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú wà ní Òṣòdì, tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní bíráìlì, bí a ṣe ń fi ọ̀pá rìn, àti iṣẹ́ ọwọ́. Mo ti sọ ọ́ fún bàbá yín, wọn ò tíì gbà láti lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ máa ń wọ̀ wọ́n létí ju tèmi lọ. Bá mi bẹ̀ wọ́n.

Kí ìwọ náà lọ yẹ ojú rẹ wò lọ́dọ̀ dókítà, torí gulọkóómà máa ń rìn nínú ẹbí. Ọlọ́run á dá ojú rẹ sí. Àbẹ̀kẹ́ mi, má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú kí o tó pè wọ́n.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.