Ẹ Yà ní Umm al-Jud

Bí ọkọ̀ bá ti ń gbé àwọn ará wa kúrò ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, Mẹ́kà nìkan ló kù lọ́kàn wọn. Kò burú. Ohun tí èèyàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú owó sí kì í jẹ́ kó bojú wẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n láti 647 tí Kálífà Uthman ti sọ Jẹ́dà di èbúté Mẹ́kà ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn ti ń gbé ìjọsìn Haji ró, ó sì ń dùn mí pé a kì í rí wọn.

Gúúsù Jẹ́dà ni wọ́n pọ̀ sí. Ilé ìfọpo kan wà níbẹ̀ láti 1968 títí wọ́n fi tì í pa ní 2017. Àgbègbè ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, kò sì jìnnà sí èbúté ńlá. Ọkọ̀ àjàgbé, eruku, ooru tó ń ti ilẹ̀ jáde: kò sẹ́ni tó ń mú àlejò lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ Pakísítánì, Bangladẹ́ṣì àti Yẹ́mẹ̀n tó fi ìyàwó àtọmọ sílé ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Omi pàápàá, iṣẹ́ ni. Zamzam ni gbogbo wa mọ̀, àmọ́ omi tí a fi ń wẹ̀ ní Mẹ́kà, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ omi Òkun Pupa tí wọ́n ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò ní Shuaiba.

Al-Balad, Jẹ́dà àtijọ́, rọrùn láti fẹ́ràn. UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2014. Ẹ wo ilé Naseef, ẹ wo ẹnubodè Bab Makkah, kí ẹ tẹ̀ síwájú.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni Umm al-Jud, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Jẹ́dà wọ Mẹ́kà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun Kíswà, aṣọ dúdú tí ó bo Káábà. Íjíbítì ló ń fi í ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1927 ni Ọba Abdulaziz dá ilé ìhunṣọ sílẹ̀ ní Mẹ́kà, ní 1977 ni ilé iṣẹ́ ti Umm al-Jud ṣí. Sẹ́dà tí wọ́n ń lò fún aṣọ kan ṣoṣo ju 600 kìlógíráàmù lọ, láìka okùn wúrà àti ti fàdákà. Aṣọ náà ga ní mítà 14, ọ̀já tó yí i ká sì gùn ní mítà 47. Ẹ̀rọ ló ń hun aṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló ń fi okùn wúrà kọ àwọn ẹsẹ Kùránì sára ọ̀já yẹn, abẹ́rẹ́ tẹ̀lé abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Arafa ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ kìíní oṣù Muharram ní 2022.

Ta ló yẹ kí èyí wọ̀ lára ju Yorùbá lọ? Àwa tí a mọ òfì, tí a mọ sányán! Sẹ́dà pupa tí àwọn baba wa fi ń hun àlàárì, aṣálẹ̀ Sàhárà ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn tó bá dúró níwájú ọ̀já yẹn yóò rí ohun tí èmi kò lè rí.

Síbẹ̀, Òkè Nur, Arafa àti ọjà ni ìṣàbẹ̀wò wa sábà máa ń mọ. Láti 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ìgbà yẹn ti ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú àwọn tó ń lọ sí Haji, nítorí náà ètò kọ́ ló ṣòro fún wa. Ẹ̀yin àáfà àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó èrò lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Umm al-Jud kún un. Ẹ tọrọ àṣẹ ṣáájú kí ẹ tó gbéra. Bí ahunṣọ bá sì wà láàárín yín, ẹ jẹ́ kó dúró níwájú.