Ọjọ́ tí Òjò Ká Wa Mọ́ Orí Òkè Adó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ rí mi ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí tí mo ń tiro lọ sí kíláàsì, tí ẹ sì ń bi mí bóyá bọ́ọ̀lù ni mo gbá, n kò dá yín lóhùn gidi. Èsì rẹ̀ nìyí.

Ìyá tí ó bí bàbá mi ń gbé ní Lánlátẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ìlú yìí náà ni wọ́n kọ́ ibùdó kan sí ní 1971, tí Nàìjíríà ń gba ojú sánmà bá àwọn ará òkè òkun sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Aláró ni. Ọ̀rọ̀ elú àti ìkòkò aró ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn, òun náà ni ó fi ń parí rẹ̀. Nínú ìsinmi tí ó kọjá, mo jókòó tì í, mo ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé nítorí ẹ̀kọ́ èdè tí mo ń kọ́. Ibẹ̀ ni ó ti sọ fún mi pé adágún omi kan wà lórí òkè Adó-Àwáyè tí à ń pè ní Ìyá Aláró. Nígbà tí òun wà ní ọmọge, àìmọye ìgbà ni òun ti fi ẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀ òkè náà pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, ṣùgbọ́n ẹrù kò jẹ́ kí òun gùn ún rí. Nísinsìnyí, ẹsẹ̀ kò gbà mọ́.

Ó ní, "Ọkọ mi, bá mi lọ wò ó. Kí o wá sọ àwọ̀ omi rẹ̀ fún mi."

Mo ní ẹsẹ̀ ni èmi náà yóò fi rìn ín. Ìgbéraga ni, mo gbà. Èmi tí n kò ru ju àpò ìwé lọ, ojú wo ni n ó fi sọ fún un pé ọ̀kadà ni mo gùn? Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí èmi àti àbúrò mi kan fi gbéra.

A kò tíì dé Máyà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, winniwinni lákọ̀ọ́kọ́. A ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó ṣe, ó di èyí tí ń na ènìyàn lẹ́gba. Ẹrẹ̀ gba bàtà mi ọ̀tún, mo padà lọ fà á yọ. Ó gba tòsì, mo kó méjèèjì sọ́wọ́. Lábẹ́ àtíbàbà kan, ìyá àgbàlagbà kan tí ń yan gàrí pè wá. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀ ń lé nǹkan ni, àbí nǹkan ni ó ń lé yín?" Ó bu gàrí gbígbóná sí wa lọ́wọ́. Títí di òní, n kò mọ oúnjẹ tí ó dùn tó o.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́ máa wọ̀ nígbà tí a dé Adó. Òjò ti dá díẹ̀. Ọkùnrin tí ó ń mú àlejò gun òkè ní kí á sùn di òwúrọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi gbà. Àtẹ̀gùn 369 ni ó wà níbẹ̀. N kò kà á, nítorí mímí ni mo ń wá. Bí a ti parí rẹ̀, a rí òkúta Ìṣàgẹ̀. Wọ́n ní nígbà ọ̀dá, aṣọ funfun ni à ń fi bò ó kí òjò lè rọ̀. N kò mọ ẹni tí ó bò ó lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni òjò ti tún bẹ̀rẹ̀, tòun ti àrá.

Àpáta gbalasa ni orí òkè náà, omi sì ń ṣàn lórí rẹ̀ bí ìgbà tí a da ọṣẹ sílẹ̀. Àbúrò mi yọ̀. Ó ń fà lọ, èmi ń wò ó, ohùn kò jáde lẹ́nu mi. Igi kékeré kan ni ó dì mú. Nígbà tí a fà á dìde, orúnkún rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń bá omi lọ.

Ọkùnrin náà na àdá síwájú. "Ìyá Aláró kò jìnnà mọ́."

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ. N ó dúró dè yín níbí." Ó ń gbọ̀n bí ó ti ń sọ ọ́.

Kí n má purọ́ fún yín, mo gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta síwájú. Mànàmáná kọ, mo wẹ̀yìn, mo rí bí ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀ mú. Mo padà. Ìdí ni a fi wọ́ dé ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó kù díẹ̀ kí ó tán ni ó ṣẹ́ mi ní kókósẹ̀.

Ilé ọkùnrin náà ni a sùn. Mo ṣí àpò mi: gbogbo ọ̀rọ̀ aró tí mo kọ ti pa pọ̀ di aró nínú ìwé.

Lórí ọ̀kadà ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi fi fóònù rẹ̀ hàn mí, èyí tí ó fi ọ̀rá wé. Ó ti wá àwòrán omi náà rí nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé àwọ̀ ewé ni. Ta ni yóò mọ̀?" N kò dá a lóhùn títí a fi dé Lánlátẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá àgbà jókòó sí. "Ọkọ mi, àwọ̀ wo ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Màmá, n kò dé ibẹ̀."

Ó wo orúnkún àbúrò mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì kígbe kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá. Ìgbà tí ó fi òrí pa kókósẹ̀ mi tán ni ó bi mí léèrè ìwé mi. Mo fi hàn án. Ó fi ìka tí aró ti wọ̀ léèékánná ṣí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ mú òmíràn wá, kí á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí elú.