Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Ọmọ Ogun?

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á bí tọkọtaya bá ń jà tàbí bí àwọn ará ilé bá ń du ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan tí a kì í sábà gbé e dé: àgọ́ àwọn ológun. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tó bá ti wọ aṣọ ogun ti ta ẹnu rẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀gá bá pàṣẹ, kó ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án, kó gbà.

Ìtàn ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́dọọdún ni a máa ń kọ́ wọn nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, ní ọdún 1944. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó jagun fún Faransé, tí àwọn ará Jámánì mú lóǹdè, ni wọ́n ń kó padà bọ̀ wá sílé. Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn láti Morlaix, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Dakar ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá. Ilẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n ti wá, Dàhòmì tiwa náà sì wà nínú rẹ̀. Owó wọn tí ìjọba jẹ wọ́n ni wọ́n ń bèèrè. Nígbà tí a ní kí bí 500 nínú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bamako láìgba owó náà pé, wọ́n kọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, àwọn ológun yí àgọ́ wọn ká, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n. Ìjọba ní ènìyàn 35 ló kú. Ìwé mìíràn láti ọwọ́ àwọn ológun kan náà sọ pé 70 ni. Àwọn òpìtàn kan sì gbà pé wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ìtàn náà sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta, ọdún 1945, wọ́n kó 34 nínú àwọn tó yè wá síwájú ilé ẹjọ́ ológun ní Dakar. Ẹni tí wọ́n yìnbọn lù ni ó wá di ọ̀daràn. Wọn kò dá ẹnì kankan láre nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan títí dé mẹ́wàá ni wọ́n fi wọ́n sí.

Ta ló gbẹnu sọ fún wọn? Lamine Guèye ni, agbẹjọ́rò tí òfin ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, òfin tó sọ àwọn ènìyàn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé di ọmọ onílùú. Bí a bá dé ibí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa bi wá pé: “Ọ̀gá, kí ni àǹfààní agbẹjọ́rò tó pàdánù ẹjọ́?”

Ìdáhùn wa rèé. Ní ilé ẹjọ́ ológun, aṣọ kan náà ni olùfisùn, ẹlẹ́rìí àti adájọ́ ń wọ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ìgbéga rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ọ̀gágun. Lẹ́yìn èyí, bí agbẹjọ́rò bá ti dìde, ọ̀rọ̀ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yóò wọnú ìwé, ìwé kì í sì í tètè kú. Àwọn òpìtàn òde òní ṣì ń ka ìwé ẹjọ́ náà.

Ní ọdún 1947, wọ́n fi àforíjì tú àwọn tó kù sílẹ̀. A máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí ẹni tí a forí jì kọ́ ni ẹni tí a dá láre. Àforíjì ń sọ pé, “O ṣẹ̀, máa lọ.” Ọ̀kan nínú àwọn 34 náà jẹ́ ọmọ Dàhòmì, ọmọ bíbí rẹ̀ bẹ ilé ẹjọ́ Faransé pé kí wọ́n tún ẹjọ́ bàbá òun yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ ní ọdún 2015. A ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Thiaroye ju ogún lọ: ọdún 2024 ni ààrẹ Faransé tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ààrẹ Sénégal pé ìpakúpa ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan tó wọ iṣẹ́ ológun wá bá wa nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn àìgbọ́ràn kàn án. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kó dákẹ́, pé ọmọ ogun kì í bá ọ̀gá rẹ̀ rojọ́. Àwa ní kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, kó sì wá agbẹjọ́rò. Wọ́n ṣì fìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀, ní ìhà kejì ti ọ̀gá rẹ̀.

A kò sọ pé kí ọmọ ogun má gbọ́ràn. Ẹgbẹ́ ogun tí kò ní àṣẹ, ìjàǹbá ni fún ìlú. Ṣùgbọ́n ìgbọràn yàtọ̀ sí ìyadi. Ìwé òfin ilẹ̀ Benin ti ọdún 1990, ní abala 17, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ẹjọ́ gbangba, níbi tí ó ti lè gbèjà ara rẹ̀ lómìnira, yóò fi fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ hàn. Abala 7 nínú Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ènìyàn, ti ọdún 1981, fún un ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. A ka méjèèjì, a kò rí i níbẹ̀ pé àyàfi ọmọ ogun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtiwọ iṣẹ́ náà, ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù yín, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ọmọ yín ní àgọ́, ẹ má ṣe sọ fún un pé kó gbà kó lè parí. Ẹ bá a wá ẹni tí yóò dìde sọ̀rọ̀.